Ta Ló Ju Kọ̀nẹ́ẹ̀tì Mi Sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí n tó máa ròyìn. Ní oṣù kejì ọdún 2019, díẹ̀ báyìí ló kù kí n ta fèrè bàbá mi fún àwọn ọmọ tó ń ra irin àlòkù kiri Oko Ọba. Ebi ò pa mí. Gbèsè ò sí lọ́rùn mi. Ẹrù ló kún ilé tí inú ń bí mi sí i.

Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa yóò mọ àwọn ọmọ náà. Wọn á ti ọmọlanke wọn, wọn á máa fi irin lu irin, wọn á máa ké, "Kòńdẹ́ẹ̀m irin! Kòńdẹ́ẹ̀m bátìrì!" Kó o tó pajú dé, fáànù tó ti bàjẹ́, jẹnẹrétọ̀ tí kò tan iná mọ́, ìkòkò tó ń jò, gbogbo rẹ̀ ti dórí ọmọlanke, wọ́n sì ti ka owó táṣẹ́rẹ́ lé ọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti kó gbogbo pàǹtí abẹ́ àtẹ̀gùn jáde kí n tó kan àpótí dúdú kan tí eku ti jẹ létí. Mo ṣí i. Kọ̀nẹ́ẹ̀tì bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ó ti dúdú, ó sì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé sára bí ògiri balùwẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé oníṣẹ́ irin ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Àkran, n'Íkẹjà, kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé. Bí mo bá rí idẹ, mo mọ̀ ọ́n. N ò rí fèrè lọ́jọ́ náà, idẹ ni mo rí. Ọmọ náà fi ìwọ̀n rẹ̀ gbé e kọ́, ó ní kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ó sì dárúkọ owó tí kò lè ra adìẹ kan tó sanra. Mo ní kó fi kún un. Láti fi hàn mí pé nǹkan ọ̀hún ò jọ ọ́ lójú, ó sọ ọ́ sórí òkìtì irin tó wà nínú ọmọlanke. Fèrè náà dún gbọnran.

Bàbá mi wà nínú yàrá. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà, a sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn wọn gba ojú fèrèsé jáde, ó le, ó sì já gaara bí ohùn ọ̀gá sójà lórí páréèdì:

"Ta ló ju kọ̀nẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá nǹkan wà. Ta ló jù ú sílẹ̀?"

Mo dá owó padà. Ọmọ náà pòṣé, ó ní, "Ọ̀gá, a ti ná an tán o!" N ò dá a lóhùn. Mo gbé àpótí náà wọlé bí olè tí wọ́n ká mọ́.

Bàbá ò bá mi jà. Wọ́n gba fèrè náà, wọ́n gbé e lé orí itan, wọ́n fi ìka tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mira. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n fọn ọ́. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kò fọn irú fèrè yìí rí, ẹ lè rò pé agbára àyà nìkan ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ètè ẹni ló ń gbọ̀n bí awọ ìlù, eyín ló sì ń ti ètè lẹ́yìn. Idẹ kàn ń gbé ohùn ọ̀hún jáde ni. Eyín iwájú bàbá mi sì ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi aṣọ nu ẹnu fèrè, wọ́n dá a padà sínú àpótí, wọ́n ní kí n gbé e sábẹ́ ibùsùn àwọn.

Ọdún 1953 ni wọ́n wọṣẹ́ sójà, ẹni ọdún méjìdínlógún. Lọ́rì tó ń kó èlùbọ́ ni wọ́n wọ̀ láti Èrúwà dé Ìbàdàn. Ní ilé ìwé, wọ́n ti máa ń fọn fèrè kékeré nígbà tí àwọn ọmọ bá ń yan lọ́jọ́ 24 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí a ń pè ní Ẹ́mpáyà Dè láyé Òyìnbó. Nítorí náà, nígbà tí sájẹ́ǹtì bèèrè ẹni tó lè fọn fèrè, bàbá mi bọ́ síwájú. Kì í ṣe nítorí orin o! Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ọmọ báńdì kì í pẹ́ nínú oòrùn. Irọ́ gbuu ni. Ọmọ báńdì a máa dúró nínú oòrùn ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló sì ń kẹ́yìn lọ.

Nínú àpótí yẹn, kọ̀nẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ló wà. Fìlà pupa kan wà níbẹ̀, irú èyí tó dúró gbagidi lórí bí agolo, tí òwú gígùn ń jù lára rẹ̀. Àmì igi ọ̀pẹ wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pẹ yìí ni àmì àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti 1897, tí wọ́n ń pè ní RWAFF, àwọn tí a rán lọ sí Bọ́máà nígbà ogun Hitler. Àwọn káàdì orin náà wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irin tín-ínrín kan ló ń dì wọ́n mú lára fèrè, kí afọnfèrè lè máa wò wọ́n bó ṣe ń yan. Ẹ wo ìyẹn ná: kéèyàn máa gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ogójì ènìyàn, kó máa fọn fèrè, kó máa wo ọ̀gá tó ń ju ọ̀pá níwájú, kó tún máa ka ìwé tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Bàbá ní ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń kà á.

Fèrè náà fúnra rẹ̀ ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo mọ èyí nítorí orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀: Hawkes & Son, London. Ilé iṣẹ́ yìí àti ti Boosey di ọ̀kan ṣoṣo ní 1930, láti ìgbà náà ni gbogbo fèrè wọn ti ń jẹ́ Boosey & Hawkes. Fèrè tó bá ń jẹ́ Hawkes nìkan ti wà kó tó dìgbà yẹn, 1935 ni wọ́n sì bí bàbá mi. Ìyàwó mi a máa pe fèrè náà ní ẹ̀gbọ́n Bàbá.

Àwọn Òyìnbó ò mú ìbọn nìkan wá bá wa. Láti ìgbà tí Gólóbà ti kó àwọn Hausa rẹ̀ jọ l'Ékòó ní 1863, èyí tí àwọn sójà wa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, níbi tí sójà bá tẹ̀dó sí, kì í pẹ́ tí fèrè á fi débẹ̀. Fèrè ló ń jí wọn, fèrè ló ń pè wọ́n wá jẹun, fèrè ló ń ní kí wọ́n lọ sùn. Ṣùgbọ́n fèrè kì í gbọ́ràn bí ìbọn. Ní Gold Coast, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn sójà aláwọ̀ dúdú wá láti West Indies. Bí iṣẹ́ bá ti parí, orin ìlú tiwọn ni wọ́n máa ń fi fèrè ọba kọ. Àwọn ará etíkun gbọ́ ọ, wọ́n ra fèrè tiwọn, wọ́n sì dá orin tí wọ́n ń pè ní adaha sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò háiláìfù nìyẹn. L'Ékòó níbí náà, kò sí òkú àgbà tó gbayì tí wọn kì í gba báńdì onífèrè sí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, Calabar Brass Band tó fi Èkó ṣe ibùgbé ti ń ṣe àwo fún Parlophone. Fèrè tó kọ orin ọba lówùúrọ̀, òun náà ló ń kọ orin ìsìnkú ìyá arúgbó nírọ̀lẹ́.

Bàbá mi fọn fèrè fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wá ní 1956. Ohun tí wọ́n rántí níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Alẹ́ òmìnira ni wọ́n máa ń ròyìn dáadáa: Race Course l'Ékòó, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, òru ti ń lọ. Wọ́n fọn orin ọbabìnrin fún ìgbà ìkẹyìn. Iná kú, gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, àsíá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Iná tún tàn, àwọ̀ ewé àti funfun ló wà lókè! Wọ́n wá fọn orin orílẹ̀-èdè tuntun, èyí tí Lillian Jean Williams kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Frances Benda sì fi ohùn sí, Gẹ̀ẹ́sì làwọn méjèèjì. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni Bàbá máa ń wí. "Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo wo káàdì."

Báwo ni ohun ìní ìjọba ṣe wá di ti bàbá mi? Ẹ má fura sí wọn o. Rìsíìtì wà. Irú kọ̀nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yìí máa ń ní irin méjì tí a lè fi pààrọ̀ ara wọn, ìyẹn irin tó tẹ̀ kọdọrọ tí a ń fà síwájú fà sẹ́yìn láti fi tún ohùn ṣe. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ní 1962, èyí tó gùn sọnù. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe sọnù, gbogbo wọn nínú báńdì ló sì jìyà rẹ̀. Láìsí irin yẹn, ohùn fèrè náà ga ju ti àwọn yòókù lọ, kò ṣe é fi sáàárín wọn mọ́. Wọ́n bá bọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n kó o mọ́ àwọn bàtà tó ti gbó àti bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́, wọ́n tà wọ́n ní gbànjo. Pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá ni bàbá mi san. Ọdún yẹn ni wọ́n bí mi, ìyá mi ò sì gbàgbé pé owó ìkómọ mi ló bá fèrè lọ.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1975, wọ́n kọ́lé sí Oko Ọba, kò jìnnà sí ojú irin. Ìlù sójà kan tún wà lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀pẹ yẹn wà lára rẹ̀, tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi ń fa awọ rẹ̀ le, tí etí awọ kéékèèké ń fún okùn náà mọ́ra. Àyàn èyíkéyìí tó bá rí i á rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ọsán tiwọn. Nígbà tí awọ ìlù yìí ya, Bàbá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán: ṣebí ìtòsí Odò Ẹran la wà, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù lójoojúmọ́ ayé? Wọ́n lọ wá awọ ọmọ màlúù. Àwọn alápatà wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Awọ kẹ̀? Gbogbo awọ ti ní oníbàárà, wọ́n ti fẹ́ sun ún di pọ̀nmọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ pọ̀nmọ́ mọ́. Bí wọ́n bá bá wa nídìí ọbẹ̀, wọn á ní, "Ẹ̀yin ara Èkó, ẹ máa jẹ ìlù yín lọ." Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nípa awọ ní Zaria dábàá ní 2022 pé kí ìjọba fi òfin de pọ̀nmọ́, tí gbogbo ìlú ń bú u, ẹnì kan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́ ní gbogbo Agége. Ilé wa ló ń gbé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fèrè ni mò ń sọ. Ibì kan wà létí ẹnu gbàgàdà rẹ̀ tó tẹ̀ wọnú, ó tó àtàǹpàkò. Nígbà tí mo wà lẹ́nu kíkọ́ṣẹ́ irin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo rí i pé mo lè nà á. Kò ju kí n fi igi rogodo sínú rẹ̀, kí n rọra máa lù ú láti òde. Mo ti gbé òòlù kékeré kí Bàbá tó wọlé bá mi. Ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ó ń ró létí mi títí di òní. Wọn ò ṣàlàyé. Wọ́n gba fèrè, wọ́n ti àpótí. Èmi náà sì ti nǹkan kan nínú ara mi. Wọ́n ti fẹ́ kí n kọ́ fèrè láti kékeré, mo ti ń lọ́ra tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n ò súnmọ́ ọn mọ́. Bí mo bá sọ pé nígbà tí mo fẹ́ tà á ní 2019, ìgbájú yẹn ò sí níbẹ̀ rárá, irọ́ ni mo pa.

1978 kan náà ni ìjọba pààrọ̀ orin orílẹ̀-èdè. Benedict Odiase, olùdarí báńdì ọlọ́pàá, ló fi ohùn sí tuntun. Bàbá mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀gá ni, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sójà ni sójà ń jẹ́: "Ọlọ́pàá ti gba orin lọ́wọ́ wa."

Láyé Òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n fi ń rántí àwọn sójà tó kú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Nàìjíríà gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, nítorí ọjọ́ náà ni ogun parí ní 1970. Gbogbo ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni bàbá mi máa ń ṣí àpótí, wọ́n á nu fèrè, wọ́n á tún ti àpótí. A rò pé àṣà sójà lásán ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, a ń múra oúnjẹ alẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mì. Gíláàsì fèrèsé fọ́. Ọ̀run pọ́n lápá Ìkẹjà. Ó tún dún, ó tún dún. Àwọn kan ní ìjọba ló dojú dé, àwọn kan ní ogun ló dé, gbogbo Agége bọ́ sí títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bàbá mi tẹ́tí, wọ́n ní, "Kì í ṣe ogun. Ibi tí wọ́n ń kó ọta sí ní bárékè Ìkẹjà ló ń jó." Òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, àwa náà sá, a forí lé apá Ìjàyè. Èmi gbé ọmọ, ìyàwó mi gbé ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé ilé. Bàbá gbé àpótí fèrè.

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn ló kú sínú omi kánààlì Òkè-Àfá nígbà tí wọ́n ń sá nínú òkùnkùn. Àwa ò tíì mọ̀. Etí títì la jókòó sí, ìró náà ń bọ̀ léraléra, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó bi wọ́n. Wọ́n ní àṣà tí sójà tiwa jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni pé lójú ogun, ọmọ báńdì á gbé fèrè sílẹ̀, á máa gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe nígbà ogun abẹ́lé. Àwọn méjì ló máa ń di igi ìgbé-aláìsàn náà mú, òun níwájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lu ìlù nínú báńdì lẹ́yìn. Ọta ba ọ̀rẹ́ yìí. Kò kú lójú ogun. Ilé ló kú sí, lábúlé wọn ní Ìbàràpá, ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun parí. Wọ́n ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó wá fọn fèrè ìdágbére fún un. Bàbá mi bá gbé kọ̀nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ra ní gbànjo, wọ́n lọ.

"Mo bẹ̀rẹ̀ Láàsì Pósìtì," ni wọ́n wí. "Mo dé ibi tí ohùn ti ń ga. Ni mo bá ṣàdédé rántí pé òun ló máa ń wà lẹ́yìn mi. Fèrè bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣubú lé orí òkúta etí sàréè. Ìyá rẹ̀ ló bá mi ṣà á. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí."

Mo wo àpótí tó wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. N ò rí nǹkan sọ.

Ẹ ó wá bi mí: o ti gbọ́ gbogbo ìyẹn ní 2002, o tún fẹ́ tà á ní 2019? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún gùn. Àpótí kúrò nínú yàrá Bàbá nígbà tí a ń tún ilé kùn, ó bọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹrù gun orí ẹrù. Ojú mi rí i lọ́jọ́ náà, inú mi ò rí i. Mi ò ní àwíjàre tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ṣì ń wí bẹ́ẹ̀ títí di òní lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá. Kò burú. Ọ̀kan wà l'Ónìkan láti 1957. Ti ogun wà ní Umuahia láti 1985, mo ti dé ibẹ̀: ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ogun ló gba gbogbo ojú. Ní Kneller Hall lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ fèrè láti 1857, yàrá odindi ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fèrè àtijọ́. Ní 2021, wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fèrè tó bá wọnú gíláàsì, kò sẹ́ni tí yóò fọn ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nínú ilé, ẹ ti rí ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fẹnu kò.

Ọmọbìnrin mi ló gbà á là. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni lọ́dún 2019, ó sì gbọ́ bí Bàbá ṣe ké. Ó lọ wọ́ àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ fèrè náà fún ọjọ́ mẹ́ta títí tó fi ń kọ mànà. Èmi tú àwọn bọ́tìnì, mo fi òróró sí wọn. Bàbá kọ́ ọ láti orí àga wọn, láìléyín, pẹ̀lú ìka àti ìkùnsínú. Kò pẹ́ tó fi wọ ẹgbẹ́ báńdì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló fi omijé wálé. Olùkọ́ wọn ní fèrè náà ti kú, kò bá dùrù mu, kí ó lọ gba èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà.

Inú bí mi. Èmi tó fẹ́ tà á! Mo lọ wádìí, mo wá mọ ìtumọ̀ irin méjì tí Bàbá máa ń sọ. Láyé àtijọ́, ohùn tí gbogbo báńdì Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ìwọ̀n a máa gbọ̀n tó ìgbà 452 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń parí lọ, àwọn sójà wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 439. 440 ni ti gbogbo ayé báyìí. Irin kúkúrú ni ti ìwọ̀n àtijọ́, irin gígùn ni ti tuntun. Fèrè ò kú. Ó ń sọ èdè tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa tì ni.

Ìṣirò ò nira fún ẹni tó ti gbẹ́ irin fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ ni idẹ náà gbọ́dọ̀ fi gùn sí i, kí a pín in sí apá méjèèjì. Ibo ni mo ti rí ọ̀pá idẹ tó bá a mu? Lórí ọmọlanke àwọn ọmọ kòńdẹ́ẹ̀m ni. Ọmọ ìjọ́sí ló tà á fún mi, ó rántí mi, ó sì gba ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀. Mo san án. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan n'Íkẹjà, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́ ẹ, mo jó o, mo tẹ̀ ẹ́, mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé ṣinṣin. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ báńdì ò rí nǹkan wí. N ò fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjọba fi òfin dá orin orílẹ̀-èdè ti 1960 padà. Ẹ rántí bó ṣe rí: àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn, àwọn arúgbó nìkan ló mọ̀ ọ́n. Inú ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kì í ṣe orin ló ń pa àwọn, ọ̀wọ́ngógó ni, mo sì bá wọn dá sí i. Bàbá mi ò dá sí ìyẹn. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Wọ́n ní kí ọmọ mi gbé fèrè wá síwájú ilé.

Wọ́n fi ìka kọ́ ọ ní orin náà lórí itan ara wọn. Nígbà tó fọn ọ́ já, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní òdìkejì títì dìde dúró. Bàbá mi gbọ́ ọ dópin, wọ́n mi orí.

"Ohùn Race Course nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ohùn iṣẹ́ ọba." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá nàka sí irin tí mo gbẹ́. "Yọ ọ́."

Ọmọ mi wò mí. Mo yọ irin mi, mo fi kúkúrú ti àtijọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá ní kó fọn Láàsì Pósìtì. Orin yẹn kò nílò bọ́tìnì kankan, nítorí fèrè tí kò ní bọ́tìnì ni wọ́n ṣe é fún. Ètè nìkan ló ń gùn ún lókè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó dìde dúró, ìka rẹ̀ ò mira, ohùn náà jáde, ó ga díẹ̀ ju bí gbogbo ayé ṣe ń fọn ọ́ lọ. Nígbà tó dé ibi tí ó ti ga jù, bàbá mi sáré na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ẹni tó fẹ́ hán nǹkan kó má bàá ṣubú.